Ìdíje Ijó Alẹ́ Sátidé: Ìmọ̀ràn Olùwòran Kan

Ọ̀rọ̀ ijó ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má ṣe wí pé kí ni ó kan olùkọ́ ilé-ìwé nínú ọ̀rọ̀ ijó. Níbikíbi tí ẹnìkan bá ti ń jó, tí ẹlòmíràn sì jókòó tí ó ń fún un ní máàkì, iṣẹ́ olùkọ́ ti dé ibẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fún ènìyàn ní máàkì, mo sì mọ̀ pé kò sí ohun tí ó ń ba ọmọ nínú jẹ́ tó kí ó ṣe iṣẹ́ tọkàntọkàn, kí wọ́n fún un ní máàkì, kí ó má sì mọ ìdí tí máàkì náà fi rí bẹ́ẹ̀.

Ìdíje tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni èyí tí ilé-iṣẹ́ BBC máa ń gbé jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní Ìlú Ọba, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Strictly Come Dancing. Bí ẹ bá ní ìbátan ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ó ti mọ̀ pé láti oṣù kẹsàn-án títí di ìgbà tí Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn kan nínú wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n lórí tẹlifóònù ní alẹ́ Sátidé. Ijó ni wọ́n ń wò. Èmi náà wà nínú àwọn tí ó fẹ́ràn ìdíje yìí. Ẹni tí ó fẹ́ràn nǹkan ni ó ń sọ àbùkù rẹ̀ kí wọ́n lè tún un ṣe. Ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ yóò kàn pa tẹlifíṣọ̀n ni, yóò sì lọ sùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìdíje náà ti rí, nítorí ẹni tí kò bá tíì wò ó rí. Láti ọdún 1950 ni BBC ti ní ètò ijó kan tí wọ́n ń pè ní Come Dancing. Ọ̀gbẹ́ni Eric Morley ni ó dá a sílẹ̀. Ó ń lọ, ó ń dúró, títí ó fi parí ní ọdún 1998. Àwọn tí ó ti mọ ijó tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá ń bá ara wọn díje níbẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2004, wọ́n gbé e padà ní ọ̀nà tuntun. Wọ́n kó àwọn gbajúmọ̀ jọ: òṣèré, akọrin, eléré ìdárayá, oníròyìn, àní àwọn olóṣèlú pàápàá. Wọ́n fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lé oníṣẹ́ ijó kan lọ́wọ́ kí ó kọ́ ọ. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń yí ni wọ́n ń jó, bí ọ̀sẹ̀ bá sì ti ń yí ni ẹnìkan ń padà sí ilé. Ẹni tí ó bá kù gbẹ̀yìn ni yóò gba bọ́ọ̀lù kan tí ó ń dán yinrinyinrin. Ní ọdún 2005, àwọn ará Amẹ́ríkà gba irú rẹ̀, wọ́n pè é ní Dancing with the Stars. Láti ìgbà náà, ó ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìdùnnú ni ó sì jẹ́ fún wa pé ní ọdún 2016, Ore Oduba, oníròyìn eré ìdárayá tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ni ó gba bọ́ọ̀lù náà lọ sí ilé, òun àti Joanne Clifton tí ó kọ́ ọ ní ijó.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdájọ́ rẹ̀ nìyí. Àwọn adájọ́ mẹ́rin ni wọ́n jókòó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè fún oníjó ní máàkì láti orí 1 dé 10, nítorí náà 40 ni ó pọ̀ jù. Àwọn tí ń wòran ní ilé náà ń dìbò. Wọn kì í da máàkì àti ìbò pọ̀ bẹ́ẹ̀ lásán. Wọ́n a kọ́kọ́ to àwọn oníjó sí ipò. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́wàá, ẹni tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù gba àmì 10, èkejì gba 9, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí yóò fi kan ẹni ìkẹyìn tí yóò gba 1. Bákan náà ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú ìbò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń pa àmì méjèèjì pọ̀. Àwọn méjì tí àpapọ̀ wọn kéré jù lọ yóò tún ijó wọn jó, àwọn adájọ́ yóò sì yan ẹni tí yóò dúró. Láti ọdún 2007 ni ijó àtúnjó yìí ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pa á tì ní ọdún 2010 àti 2011, wọ́n sì mú un padà ní ọdún 2012. Ṣùgbọ́n bí ó bá di àṣekágbá, ìbò àwọn olùwòran nìkan ni ó ń yan ẹni tí yóò borí.

Ẹ rí i pé ọwọ́ méjì ni ó ń ṣe ìdájọ́. Ọwọ́ kan ni ti àwọn tí ó mọ ijó. Ọwọ́ kejì ni ti àwọn tí ó fẹ́ràn ijó. Nígbà tí ọwọ́ méjèèjì bá bára mu, gbogbo ènìyàn a lọ sùn pẹ̀lú ayọ̀. Nígbà tí wọn kò bá bára mu, ariwo a ta.

Ọdún 2008 ni ariwo náà pọ̀ jù. Ọ̀gbẹ́ni kan wà níbẹ̀, John Sergeant, oníròyìn ọ̀rọ̀ ìṣèlú tí gbogbo ìlú mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn adájọ́ ń fún un ní máàkì kékeré lọ́sẹ̀ kan dé èkejì, àwọn olùwòran sì ń dìbò fún un lọ́sẹ̀ kan dé èkejì, nítorí pé ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jó jù ú lọ sì ń padà sí ilé. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá, ọ̀gbẹ́ni náà fúnra rẹ̀ kúrò nínú ìdíje. Ó rí i pé bí nǹkan ti ń lọ yìí, òun lè borí, àwàdà náà yóò sì ti kọjá àyè rẹ̀.

Oṣù kan kò tíì pé lẹ́yìn èyí tí òmíràn fi ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 2008 kan náà, ó ku ènìyàn mẹ́ta: Rachel Stevens, Lisa Snowdon àti Tom Chambers. Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe ìṣirò rẹ̀. Rachel àti Lisa gba iye máàkì kan náà, wọ́n jọ wà ní ipò kìn-ín-ní, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àmì 3. Tom ni ó gbẹ̀yìn, ó gba àmì 1. Bí gbogbo Ìlú Ọba bá tilẹ̀ dìbò fún Tom, àmì 3 náà ni ìbò lè fún un, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ 4. Nínú àwọn méjì yòókù, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá ṣe ipò kejì yóò ní 3 àti 2, èyí tí í ṣe 5. Ẹnìkan yóò ju Tom lọ dandan. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn méjì ìsàlẹ̀ ni yóò tún jó. Kò sí iye ìbò tí ó lè yọ Tom kúrò nínú ijó àtúnjó náà, àwọn ènìyàn sì ti ń náwó tẹlifóònù láti dìbò fún un! Nígbà tí BBC rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, wọ́n ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí àṣekágbá, wọ́n sì tọ́jú ìbò tí wọ́n ti dì. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ta ni ó borí? Tom Chambers ni. Ẹni tí ìṣirò fẹ́ sọ nù ni àwọn olùwòran gbé lé orí.

Amẹ́ríkà náà rí tirẹ̀. Ní ọdún 2018, ẹlẹgbẹ́ wa kan nínú iṣẹ́ rédíò, Bobby Bones, ni ó borí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni máàkì rẹ̀ kéré sí ti àwọn tí ó bá a dé àṣekágbá. Ní ọdún 2019, wọ́n yí òfin wọn padà, wọ́n fún àwọn adájọ́ ní agbára láti yan ẹni tí yóò dúró nínú àwọn méjì ìsàlẹ̀.

Nítorí irú nǹkan báwọ̀nyí, àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n gba ìbò lọ́wọ́ àwọn olùwòran pátápátá, kí ẹni tí ó mọ ijó nìkan máa dá ẹjọ́ ijó. Èmi kò bá wọn lọ sí ibẹ̀. Ní ọdún 2021, Rose Ayling-Ellis, òṣèré obìnrin tí etí rẹ̀ kì í gbọ́ràn, ni ó borí. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ijó rẹ̀, wọ́n dá orin dúró láàárín, òun àti Giovanni Pernice sì ń jó lọ nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí gbogbo wa lè mọ bí ayé ti rí fún ẹni tí kì í gbọ́ ìlù. Ní ọdún 2024, Chris McCausland, aláwàdà tí ojú rẹ̀ kò ríran, ni ó borí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan wà ní àṣekágbá tí máàkì wọn ju tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin yìí kò rí ẹsẹ̀ olùkọ́ rẹ̀ rí. Ọwọ́ ni ó fi ń kọ́, etí ni ó fi ń kọ́. Ṣé ẹ ó sọ pé àwọn tí ó dìbò fún un kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe? Wọ́n rí ohun kan tí kò sí àyè fún nínú máàkì 40.

Nítorí náà, ohun tí mo ní í sọ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ọwọ́ méjèèjì dúró, ṣùgbọ́n kí a máa rí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe. Ìdájọ́ tí a kò mọ ìdí rẹ̀ ni ó ń dá ìjà sílẹ̀. Ìmọ̀ràn mi jẹ́ márùn-ún.

Èkíní, kí àwọn adájọ́ máa fọ́ máàkì wọn sí wẹ́wẹ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, nígbà tí a bá lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń dánra wò níwájú kíláàsì, a kì í kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo kí a sì jáde. A ó fún un ní máàkì fún ìmúrasílẹ̀, a ó fún un fún ohùn, a ó fún un fún ìlò pátákó, a ó fún un fún bí ó ti ń bá àwọn ọmọ lò. Bí ó bá wo ìwé náà, yóò mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Àwọn tí ń ṣe àkóso ìdíje ijó ní àgbáyé, World DanceSport Federation, náà ní irú ètò bẹ́ẹ̀: wọ́n ń wo bí ẹsẹ̀ àti ara ti ṣe déédéé tó, bí oníjó ti bá orin rìn tó, bí àwọn méjèèjì ti di ara wọn mú tó, àti bí wọ́n ti to ijó náà tí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ tó. Bí adájọ́ mẹ́rin bá fún oníjó ní máàkì lábẹ́ orí mẹ́rin yìí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 10, àpapọ̀ rẹ̀ yóò di 160. Ẹ wo àǹfààní méjì tí ó wà níbẹ̀. Oníjó yóò mọ ohun tí yóò ṣiṣẹ́ lé lórí ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Bákan náà, kò ní rọrùn kí ènìyàn méjì bọ́ sí orí iye kan náà bí ti Rachel àti Lisa, nítorí àkàsọ̀ tí ó ní ọ̀gọ́jọ igi gba ènìyàn ju èyí tí ó ní ogójì lọ.

Yóò sì ran àwọn adájọ́ fúnra wọn lọ́wọ́. Ẹ wo Craig Revel Horwood, tí ó ti ń dájọ́ níbẹ̀ láti ọdún 2004. Bí ó bá ti gbé máàkì kékeré sókè, àwọn èrò a hó lé e lórí. Bí wọ́n bá rí i pé ẹsẹ̀ ni ó fún ní 4, tí ó sì fún bíbá orin rìn ní 8, wọn yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìkà ni ọkùnrin náà ń ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ìbò. Kí ẹnìkan jókòó ṣe ìṣirò kí wọ́n tó ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò, kí ó sì rí i dájú pé ìbò lè gba gbogbo ẹni tí ó kù là. Bí kò bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n yí ètò padà kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bí ìdíje ọdún kan bá ti parí, kí wọ́n tẹ iye ìbò jáde. BBC kì í sọ iye ìbò ìdíje yìí fún ẹnikẹ́ni. Àwọn kan lè sọ pé bí a bá sọ ọ́, ojú yóò ti ẹni tí ìbò rẹ̀ kéré, àti pé yóò yí bí àwọn ènìyàn ti ń dìbò padà. Òótọ́ ni, bí a bá ń sọ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ó di ìparí. Ìdíje orin tí wọ́n ń pè ní The X Factor, tí wọ́n ń ṣe ní Ìlú Ọba kan náà títí di ọdún 2018, a máa tẹ ìdá ìbò jáde nígbà tí ẹni tí ó borí bá ti gba adé rẹ̀ tán, kò sì sí ohun tí ó wó lulẹ̀ nítorí rẹ̀. Bí a bá ní kí àwọn ará ìlú dá ẹjọ́, ó yẹ kí a sọ ẹjọ́ tí wọ́n dá fún wọn.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n máa fi ibi tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ hàn wá. Lọ́dọọdún ni àwọn olùwòran ń kùn pé lágbájá ti kọ́ ijó ní kékeré, pé tàmẹ̀dò ti jó lẹ́yìn akọrin rí, pé kò tọ́ kí a fi wọ́n bá ẹni tí kò gbé ẹsẹ̀ rí díje. Èmi kò sọ pé kí a lé wọn. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jó ń mú ìdíje dùn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ọ́ gbangba ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní: eléyìí kọ́ ijó fún ọdún mẹ́wàá, èyí kò kọ́ rárá. Kí wọ́n ya fíìmù ọjọ́ kìn-ín-ní tí ẹnìkọ̀ọ̀kan wọ yàrá ìdánrawò, kí wọ́n sì tún fi hàn wá nígbà tí ó bá di ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Ọmọ tí ó wọlé pẹ̀lú 70 tí ó jáde pẹ̀lú 80 ṣe dáadáa. Èyí tí ó wọlé pẹ̀lú 20 tí ó jáde pẹ̀lú 70 ńkọ́? Olùkọ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní gbójú fo ọmọ yẹn. Bill Bailey, aláwàdà, jẹ́ ẹni ọdún 55 nígbà tí ó borí ní ọdún 2020. Irìn tí ó rìn kí ó tó dé ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn dìbò fún. Bí a bá fi ìrìn náà hàn kedere, ẹni tí kò dìbò fún irú rẹ̀ pàápàá yóò mọ ìdí tí àwọn ẹlòmíràn fi dìbò fún un.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n máa sọ ibi tí ijó ti wá. Ijó kan kì í ju bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwàdà àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ti ń pọ̀ tó kí ijó tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n gé ìṣẹ́jú àáyá 20 kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n fi sọ ìtàn. Wọ́n ń jó samba níbẹ̀; ta ni ó ń sọ fún olùwòran pé ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, ni àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ, láti Àǹgólà, láti Kóńgò, àti àwọn Yorùbá wa tí wọ́n ń pè ní Nagô, ti pàdé, àti pé samba àwọn ará Bahia, tí wọ́n ń jó nínú agbo pẹ̀lú àtẹ́wọ́, wà lára àwọn ìyá tí ó bí samba? Wọ́n ń jó rumba jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kọ orin ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ní Kúbà, ní Havana àti Matanzas, rumba gan-an jẹ́ ijó ìlù ọwọ́ tí ara ń gbà kíkankíkan, èyí tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ àwọn ohun àjogúnbá ayé ní ọdún 2016. Èyí tí wọ́n ń jó nínú ìdíje jẹ́ ìbátan orin bolero àti son ti Kúbà kan náà. Charleston ń jẹ́ orúkọ ìlú èbúté kan ní South Carolina, ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni ijó náà sì ti wá. Jive náà, ẹ̀ka igi tí ó hù ní Harlem ni. Bí ọmọ aláwọ̀ dúdú kan bá jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n ní Peckham, ó yẹ kí ó mọ̀ pé nínú àwọn ijó tí gbogbo Ìlú Ọba ń pàtẹ́wọ́ fún yìí, àwọn baba ńlá rẹ̀ ní ìpín. Ìṣẹ́jú àáyá 20 tó fún un.

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀rọ̀ yàrá ìdánrawò, òun sì ni ó ká mi lára jù. Wákàtí pípẹ́ ni àwọn méjì ń lò nínú yàrá yìí, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, kí a tó rí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ wọn. Ní oṣù keje ọdún 2024, lẹ́yìn tí àwọn kan ti fi ẹjọ́ sùn nípa bí wọ́n ṣe ṣe sí wọn nígbà ìdánrawò, BBC kéde pé òṣìṣẹ́ kan yóò máa wà nínú yàrá náà nígbà gbogbo tí wọ́n bá ń dánra wò. Wọ́n sì yan ẹni méjì tí yóò máa mójú tó àlàáfíà wọn, ọ̀kan fún àwọn gbajúmọ̀, ọ̀kan fún àwọn oníṣẹ́ ijó. Èyí dára púpọ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ jẹ́ ará ìta, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò ti ọwọ́ ìdíje náà wá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, kí ó gbọ́ ti akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì gbọ́ ti olùkọ́. Olùkọ́ tí ó le kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa wí pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Bí òsì bá kọ̀ tí kò fà á mọ́ra, ìyà lásán ni ọ̀tún fi jẹ ẹ́.

Ara náà gbọdọ̀ sinmi. Ní ọdún 2021, AJ Odudu, ọmọbìnrin tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, ti dé àṣekágbá. Iṣan ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ já nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n jó, ó sì ní láti fi ìdíje sílẹ̀ lẹ́yìn làálàá oṣù mẹ́ta. Ìpalára lè bá ẹnikẹ́ni, a kò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹnìkan. Síbẹ̀, ijó mẹ́ta ni olúkúlùkù ń jó ní alẹ́ àṣekágbá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì ní láti fi dánra wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí wọ́n sọ ọ́ di méjì. Kò sí olùwòran tí yóò sunkún pé ijó kẹta kò sí, ṣùgbọ́n inú gbogbo wa bàjẹ́ nígbà tí a kò rí AJ.

Bí mo ti ń sọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n tún ṣe yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí n kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn. Kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan àwọn onílù àti akọrin tí wọ́n ń ṣe orin níbẹ̀ lójú ayé, nítorí ijó tí a fi ẹ̀rọ lu ìlù rẹ̀ kò lè dà bí èyí tí onílù ń wo ẹsẹ̀ oníjó. Kí wọ́n má ṣe gbé e kúrò ní alẹ́ Sátidé, nígbà tí ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ lè jọ jókòó wò ó. Kí wọ́n má sì gba àṣekágbá kúrò lọ́wọ́ àwọn ará ilé. Àwọn adájọ́ ti sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ó tọ́ kí ìlú ní alẹ́ kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ lè bi mí pé, olùkọ́, BBC kò sí ní ìlú wa, kí ni èyí kàn wá sí? Ó kàn wá. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń ṣe ètò ìdíje ijó ìbílẹ̀ ní ilé-ìwé, ní ìjọ, tàbí nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ẹ óò jókòó sídìí tábìlì, ẹ óò kọ nọ́ńbà sórí pépà, ẹ óò kéde ẹni tí ó ṣe ipò kìn-ín-ní, àwọn ọmọ tí ó fi oṣù kan kọ́ bàtá yóò sì padà sí ilé láìmọ ohun tí ó fà á tí wọ́n fi ṣe ipò kẹrin. Ní ọdún tí ń bọ̀, wọn kò ní wá mọ́. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ẹ sọ pé ẹsẹ̀ yín dára, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́ ohun tí ìyá ìlù ń sọ. Ẹ sọ pé ẹ gbọ́ ìlù, ṣùgbọ́n ẹ kò wo ara yín. Ọmọ tí a sọ ìdí rẹ̀ fún lè sunkún ní alẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò tún gbéra láti lọ kọ́ ijó.

Ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ẹ bá tún jókòó wo ìdíje yìí, tàbí irú rẹ̀ mìíràn, ẹ má ṣe máa wo ẹni tí ó borí nìkan. Ẹ wo ẹni tí ó ń padà sí ilé. Ẹ bi ara yín bóyá ó mọ ìdí tí ó fi ń lọ. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, ìdíje náà dára. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ ṣì kù fún àwọn tí ó ṣe ètò rẹ̀.